Kálípà Bíréèkì Boxster Tó Ti Ń Jẹra: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ni, Àbí Ká Pààrọ̀ Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Ìlú Manchester ni mò ń gbé, Porsche Boxster ọdún 2001 ni mo sì ń wà. Táyà ẹ̀yìn lápá òsì máa ń gbóná janjan bí mo bá ti wà á díẹ̀, ọ̀dà ara kálípà (irin tó ń fi páàdì fún dísìkì bíréèkì mọ́ra kí táyà lè dúró) sì ti ń wú, ó ń ṣí. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ kálípà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátá, owó náà sì pọ̀ ju agbára mi lọ. Ṣé dandan ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ọ̀dà tó ń ṣí kì í ṣe ẹ̀rí pé kálípà ti bàjẹ́. Ibi tí ìpẹtà jókòó sí ni yóò sọ bóyá àtúnṣe ló kàn tàbí ìpààrọ̀. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ó yẹ ká mọ̀ dájú pé kálípà gan-an ló jẹ̀bi.

Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi ìdúró irin gbè é lábẹ́, kí ẹ tú hándíbíréèkì sílẹ̀, kí ẹ yọ jíà, kí ẹ wá fọwọ́ yí táyà náà. Bí ó bá le, ẹ tú ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde lórí kálípà. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá tú jáde tí táyà sì ń yí wẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, a jẹ́ pé ọ́ìlì tí kò rí ọ̀nà padà ló ń ti páàdì, họ́ọ̀sì rọ́bà tó ti wú nínú ló sì sábà máa ń fa irú rẹ̀. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ yọ kálípà kúrò, kí ẹ fi okùn so ó rọ̀ kí ó má baà fà sórí họ́ọ̀sì, kí ẹ sì yí dísìkì nìkan wò. Hándíbíréèkì Boxster kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú kálípà. Ṣúù bíréèkì kéékèèké tó wà nínú ikùn dísìkì ẹ̀yìn ló ń lò, àwọn náà sì máa ń dógùn-ún. Bí dísìkì bá ṣì le, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹjọ́ wà.

Bí ó bá wá jẹ́ pé kálípà ló jẹ̀bi, ibi tí mo fura sí jù nìyí. Kálípà tí ilé-iṣẹ́ Brembo ṣe fún ọkọ̀ yìí jẹ́ odindi álúmíníọ́mù kan ṣoṣo tó ní písítìnì mẹ́rin tó ń ti páàdì, níbi tí etí páàdì sì ti ń rìn, wọ́n fi sukúrúù de pèlébé irin tí kì í dógùn-ún mọ́ ọn. Bí omi oníyọ̀ bá wọ àárín irú irin méjì bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná kékeré á máa ṣàn láàárín wọn, álúmíníọ́mù ni yóò sì máa jẹ́ èyí tó ń jẹra. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní Britain nígbà òtútù kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yìí dáwọ́ dúró. Lẹ́búlẹ́bú funfun ni ìpẹtà álúmíníọ́mù, àyè tó ń gbà sì ju ti álúmíníọ́mù tó jẹ lọ, nítorí náà ni ó ṣe ń ti pèlébé sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi há páàdì mọ́. Páàdì tó há kò lè sún padà bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó kàn ń ha dísìkì ni. Bí ó bá gba hámà kí páàdì tó jáde, ẹ ti rí àrùn náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì ha etí páàdì kí ó lè wọlé. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí i, nítorí ìpẹtà abẹ́ pèlébé kò dúró, páàdì yóò tún há, ó sì lè jẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Pèlébé ni kí wọ́n tú. Wọ́n máa ń fi gúlúù dé sukúrúù rẹ̀, nítorí náà ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ́ ọ kí ẹ tó yí i, kí orí rẹ̀ má baà já. Kí ẹ ha lẹ́búlẹ́bú náà títí álúmíníọ́mù yóò fi dán, kí ẹ sì fi pèlébé àti sukúrúù tuntun dí i padà.

Písítìnì ni yóò dá ẹjọ́ tó kù. Afẹ́fẹ́ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ la fi ń tì wọ́n jáde, pákó la sì ń fi sáàárín, kì í ṣe ìka ọwọ́. Rọ́bà tó wà nínú kòtò tóóró ihò písítìnì kò kàn ń dí ọ́ìlì. Òun náà ló ń fa písítìnì padà, torí ó máa ń tẹ̀ bí bíréèkì bá tì í, ó sì ń nà padà bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó bá kó sẹ́yìn rẹ̀ ń fún písítìnì lọ́rùn ni. Ẹ fi ike ha á, kí ẹ fi rọ́bà tuntun sí i. Písítìnì tí ojú rẹ̀ ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ kòtò náà fúnra rẹ̀ bá ti ní ihò tí èékánná ń kọ́, ẹ má ṣe àtúnṣe kankan, kálípà mìíràn ló kù. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ nǹkankan níbẹ̀, ó ń ba rọ́bà jẹ́.

Bí ó bá di ìpààrọ̀, ẹ pààrọ̀ méjèèjì ẹ̀yìn pọ̀ kí bíréèkì má baà fà sápá kan. Ẹ̀rọ ìdánwò MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún ní Britain, náà ń wọn ìyàtọ̀ yẹn. Àwọn tó ń tún kálípà ṣe ní Britain máa ń gba ti àtijọ́ ní ìpààrọ̀, ìyẹn sì ń dín owó kù. Nọ́ọ̀tì tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà lókè. Bí ẹ bá fi ti ọ̀tún sí òsì, ìsàlẹ̀ ni yóò wà, afẹ́fẹ́ kò sì ní jáde. Ẹ lo bóòtù tuntun láti de kálípà mọ́ ọkọ̀, kí ẹ fi sípánà oníwọ̀n dè é ní 85 Nm. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 tuntun ni kí ẹ dà, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, nítorí ó ń fa omi mọ́ra: èyí tó tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa omi, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní 155°C.

Ní ti méjèèjì iwájú, ẹ yọ páàdì wọn wò. Bí ọwọ́ lásán bá fà wọ́n jáde, tí rọ́bà tó ń dí eruku lójú písítìnì kò ya, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.