Ta ni wọ́n kà, ta ló dìbò? Ìbéèrè kan lórí Elliott County ní Kentucky

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni mí, Louisville ni mò ń gbé. Wọ́n fi iṣẹ́ lọ̀ mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Sandy Hook, olú ìlú Elliott County (káúntì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), lápá ìlà-oòrùn Kentucky. Mo wá ibẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àwọn iye tí mo rí ń ta ko ara wọn. Wọ́n ní èèyàn 7,354 ló wà níbẹ̀, pé Trump ti ẹgbẹ́ Republican kó nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò wọn ní 2020, síbẹ̀ wọ́n tún ní ọmọ ẹgbẹ́ Democrat paraku ni wọ́n látayébáyé. Mo tún rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa wà níbẹ̀ díẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ọmọ Amẹ́ríkà ni, mo sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò tí mo bá débẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Kò sí irọ́ nínú ohun tí o kà. Àwọn tí ìwé kọ̀ọ̀kan kà ni kì í ṣe èèyàn kan náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ìṣirò iye èèyàn jẹun, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi iye kankan kí n tó fọkàn tán an ni pé: ta ni wọ́n kà sínú ẹ?

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí 7,354 yẹn, tó jẹ́ ti ìkànìyàn 2020. Ní 2000, èèyàn 6,748 ni wọ́n kà ní Elliott County. Ní 2010, ó di 7,852, ìyẹn ni pé ó fi 1,104 lé sí i. Ẹni tó bá rí èyí nìkan á ní ìlú ọ̀hún ń gbèrú, bóyá iléeṣẹ́ ńlá kan ti dé. Ohun tó dé ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní 2005 ni ìjọba Kentucky ṣí Little Sandy Correctional Complex síbẹ̀, ó sì ń gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ẹlẹ́wọ̀n. Ibi tí èèyàn ń gbé, tó ń sùn, ni àwọn aṣèkànìyàn Amẹ́ríkà máa ń kà á sí. Ọmọkùnrin tí wọ́n mú ní Louisville, tí kò mọ ojú títì kan ní Sandy Hook, ará Elliott County ni lójú ìwé. Kò sì lè dìbò níbẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn dúdú tí o rí ti wá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán lo fi béèrè. Nínú ìkànìyàn 2000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí aláwọ̀ dúdú kan ní gbogbo káúntì yẹn. Ní 2010, wọ́n yọ lójijì. Ẹ̀yìn ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n ni púpọ̀ nínú wọn wà, wọn kì í ṣe ìdílé tí o lè yà kí lọ́jọ́ Ìsinmi. Tí o bá fẹ́ fi ojú ara rẹ rí i, wọ data.census.gov, tẹ orúkọ káúntì náà, kí o wá tábìlì P5 ti ọdún 2020, èyí tí wọ́n pè ní group quarters (ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbé, bí ọgbà ẹ̀wọ̀n). Wo ìlà àwọn àgbàlagbà tó wà lẹ́wọ̀n, kí o yọ ọ́ kúrò nínú àròpọ̀ kí o tó ṣe ìṣirò kankan. Ọgbà ẹ̀wọ̀n wọ́pọ̀ ní irú àwọn káúntì kékeré bẹ́ẹ̀, nítorí náà má ṣe fojú fo ìlà yẹn níbòmíràn náà.

Ó tún ku ti ìbò. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ta ni? Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni gbogbo ìbò tí wọ́n dì fún ààrẹ níbẹ̀ ní 2020. Ìbò Trump lé díẹ̀ ní 2,200. Pín in sórí 7,354, wàá rí i pé nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni. Àwọn yòókù ni ọmọdé, ẹlẹ́wọ̀n, ẹni tó jókòó sílé, àti ẹni tó dìbò fún ẹlòmíràn. N ò sọ pé ìjáwé olúborí náà kéré o. Ó lágbára gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú mẹ́rin "àwọn ará ibẹ̀" ló dìbò fún Trump ti ṣì í kà.

Ohun tó ya àwa oníṣirò lẹ́nu jù ní Elliott County ni ìtàn rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá káúntì náà sílẹ̀ ní 1869 títí dé 2012, Democrat nìkan ni wọ́n ń mú nínú ìdìbò ààrẹ. Kò sí káúntì míì tó tò ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1972 àti 1984, tí Republican kó ìpínlẹ̀ 49 nínú 50, Elliott kò yẹsẹ̀. Ní 2008, Obama gba ìdá 61 níbẹ̀, láàárín àwọn èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aláwọ̀ funfun tán. Lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó rá pálá borí Romney ti Republican, 49.4 sí 46.9. Nígbà tó di 2016, Trump gba ìdá 70.

Ilẹ̀ kan náà, ilé kan náà, orúkọ ìdílé kan náà. Kí ló wá yí padà láàárín ọdún mẹ́jọ? Ọ̀pọ̀ èèyàn á dárúkọ èédú tí wọ́n ń wà lágbègbè yẹn: ìjà lórí òfin àyíká tí ìjọba Obama ṣe, tí àwọn ará ìlà-oòrùn Kentucky di ẹ̀bi rẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní tèmi, tábà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Láti ayé Roosevelt, ààrẹ Democrat ti àwọn ọdún 1930, ni ìjọba ti ń ṣètò iye tábà tí oko kọ̀ọ̀kan lè tà, tí wọ́n sì ń dúró ti iye owó rẹ̀ kó má bàa já wálẹ̀. Ẹni tó ní èékà méjì péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè mọ̀ pé lọ́dọọdún, tábà á san gbèsè ìsọ̀, á sì ra bàtà iléèwé ọmọ. Ẹgbẹ́ Democrat ló gbé ètò yẹn wá, àwọn bàbá sì ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ní 2004, ilé aṣòfin fagi lé e, wọ́n sì ń san owó gbà-máà-bínú fún àwọn àgbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí owó yẹn fi máa tán ní 2014, àwọn tó rántí Roosevelt ti ń wọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wo ọdún náà, kí o tún wo ìbò tó tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, má tíì fi òǹtẹ̀ lù wọ́n. Ní 2019, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìdá 70 yẹn, Andy Beshear ti Democrat ni wọ́n mú fún gómìnà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀. Ní Nàìjíríà, káàdì ìdìbò kò bi ọ́ pé ẹgbẹ́ wo lo wà. Ní Kentucky, fọ́ọ̀mù á bi ọ́, nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ nìkan ló lè dì í nínú ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ náà lóṣù karùn-ún. Ní Elliott, fún ìran púpọ̀, ìdìbò abẹ́nú Democrat ló ń yan sheriff (ọ̀gá ọlọ́pàá káúntì), akọ̀wé káúntì, àní ọ̀gá àhámọ́ káúntì pàápàá (bẹ́ẹ̀ ni, ìbò ni wọ́n fi ń yan ìyẹn náà ní Kentucky). Tí Republican ò bá tiẹ̀ gbé ẹnikẹ́ni jáde, kí ni èèyàn ń wá nínú ìwé wọn? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń dìbò fún Trump lóṣù kọkànlá, tí orúkọ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ Democrat.

Nítorí náà, kí o tó fàmì sí ẹgbẹ́ kankan, lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé káúntì, kí o ní kí wọ́n fi àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò oṣù karùn-ún hàn ọ́. Wo apá ibi tí ìdíje gidi wà. Orí GoVoteKy.com lo ti lè forúkọ sílẹ̀, ó kéré tán bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ìbò tó dé. Tí o bá fẹ́ pààrọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́yìn náà, o gbọ́dọ̀ ti ṣe é ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, kí ọdún ìdìbò abẹ́nú náà tó wọlé.

Ní ti bí àwọn aládùúgbò ṣe máa gbà ọ́, kò sí tábìlì tó kọ ìyẹn. Wa mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ kan, jẹun níbẹ̀, kí o sì wá nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn náà rí bá sọ̀rọ̀.

Nítorí pé iṣẹ́ òru kì í jìnnà sí nọ́ọ̀sì, fi èyí sọ́kàn: aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí ibùdó ìdìbò ní Kentucky, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń tì í, àfi tí o bá ti wà lórí ìlà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣòfin tuntun ní 2021, o lè dìbò ṣáájú ní Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, láìṣe àlàyé kankan fún ẹnikẹ́ni.