Ṣé orúkọ kan náà ni William àti Liam?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "William ni orúkọ ìrìbọmi bàbá mi tó ti di olóògbé. Ọmọ mi tó wà ní London wá bí ọmọkùnrin, ó sọ ọ́ ní Liam. Ṣé orúkọ méjèèjì bá ara wọn tan? Kí ni ìtumọ̀ wọn?"

Orúkọ kan náà ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà tó jẹ́ baba ńlá àwọn ará Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣẹ̀. Wilhelm ni wọ́n ń pè é ní Jámánì títí dòní. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀: "wil", ìyẹn ìfẹ́-inú tàbí ìpinnu, àti "helm", àṣíborí tí jagunjagun ń dé lọ ojú ogun, irú èyí tí Bíbélì wa pè ní àṣíborí ìgbàlà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Gbólóhùn ni orúkọ tiwa. Adéwálé: adé wá sílé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti gbọ́ ìròyìn ilé. Ìdí nìyí tí a fi máa ń retí kí William náà sọ̀rọ̀, tí àwọn kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí "aláàbò tó ní ìpinnu". Àwọn tó ni ín kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbayì ni wọ́n máa ń ṣà: ogun, ìkookò, àlàáfíà, òkìkí, wọn a so méjì pọ̀, kò dandan kó di gbólóhùn. Ẹ wo Wulfstan, bíṣọ́ọ̀bù Worcester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní 1095. Wulfgifu ni ìyá rẹ̀, Æthelstan ni bàbá rẹ̀. Wọ́n mú ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìyá, wọ́n mú ìparí ti bàbá, ó di "ìkookò-òkúta". Ìdílé ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ibi tó ti jọ tiwa gan-an nìyẹn, bí ilé ọba ṣe ń fi Adé bẹ̀rẹ̀ orúkọ: Æthelbald, Æthelberht àti Æthelred wà lára ọmọ Æthelwulf, ọba Wessex, apá kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. "Æthel" yẹn, ọlọ́lá ni.

Àwọn Faranki, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà baba ńlá tí a sọ lókè, ló gbé William wọ ilẹ̀ tó di Faransé. Ẹnu àwọn ará ibẹ̀ yí W sí G, ó di Guillaume; àwọn Pọtogí ń pè é ní Guilherme. Ní apá àríwá ilẹ̀ náà, títí kan Normandy, W dúró digbí, Normandy sì ni William tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ti wá. Ṣáájú ìgbà náà, orúkọ yìí ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbòde kan. Nígbà Kérésìmesì 1171, níbi àsè ọmọ Ọba Henry Kejì ní Normandy, àwọn William méjì pàṣẹ pé kí ẹni tí kì í bá ṣe William jáde kúrò nínú yàrá tí àwọn ti ń jẹun. Àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin tó ń jẹ́ William tó ṣẹ́kù síbẹ̀ lé ní 100!

Ìran àwọn ará Normandy yìí ló gbé e dé Ireland. Ó di Uilliam níbẹ̀, wọ́n gé orí rẹ̀, ó ku Liam. Ní 2017, Liam ló gba ipò kìíní láàárín orúkọ ọmọkùnrin ní Amẹ́ríkà. Ní tiwa, àwọn Sàró tó padà láti Sierra Leone wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta ní ọ̀rúndún 19 wà lára àwọn tó mú Williams wálé. "Ti William" ni S ìparí rẹ̀ ń sọ.

Torí náà, bí ọmọ yín mọ̀, bí kò mọ̀, orúkọ bàbá yín ló fún ọmọ rẹ̀.