Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìjọ Wa àti Àlàáfíà Láàárín Ísírẹ́lì àti Palẹsitínì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ẹgbẹ́ Ìyá ìjọ Áńgílíkà wa ti dá owó jọ fún àwọn tí ogun Gásà kàn, àmọ́ àríyànjiyàn ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan ní Ísírẹ́lì ni Bíbélì ní ká súre fún, àwọn kan ní ọmọ Gásà ni ebi ń pa. Ibo ni ká fi í ránṣẹ́ sí tí ẹgbẹ́ ò fi ní tú? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú wọn. Ní October 7, 2023, nǹkan bí ènìyàn 1,200 ni wọ́n pa ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì kó 251 lọ sí Gásà. Ogun tó tẹ̀ lé e ti pa ju 60,000 lọ ní Gásà, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ṣe kà á. Ìre tí a bá sú fún Júù kò gbọdọ̀ di èpè lórí ọmọ Palẹsitínì.

Ẹ pín owó náà sí méjì. Ìdá kan, ẹ fi fún ilé ìwòsàn Al-Ahli ní ìlú Gásà. Dáyósíìsì Áńgílíkà ti Jerúsálẹ́mù ló ni ín. CMS, míṣọ́n kan náà tó mú ìjọ Áńgílíkà wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ló dá a sílẹ̀ ní 1882, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ogun Ìmágbọ̀n láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Ìjẹ̀bú. Ní Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, April 13, 2025, bọ́ǹbù Ísírẹ́lì wó yàrá àyẹ̀wò rẹ̀, ó sì ba ẹ̀ka pàjáwìrì jẹ́. Ìdá kejì, ẹ fi fún Parents Circle – Families Forum, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Ìdílé tó ju 600 lọ ló wà níbẹ̀, ti Ísírẹ́lì àti ti Palẹsitínì. Ohun tó kó wọn jọ ni pé ìjà yìí ti pa ẹnìkan nínú ilé kálukú wọn. Méjì-méjì ni wọ́n máa ń lọ bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹnìkan láti apá ibí, ẹnìkan láti apá ọ̀hún.

Níbi ìfiránṣẹ́ gan-an ni owó ti máa ń sọnù. Ẹ má fi sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni tí ẹ rí nọ́ńbà rẹ̀ lórí WhatsApp, bó ti wù kí fọ́tò ọmọ tó fi síbẹ̀ ṣeni láàánú tó. Ẹ gbé lẹ́tà fún fíkà, kí owó náà gba ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù yín kọjá lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ẹ má máa fi díẹ̀-díẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù, torí owó tí báńkì ń yọ ní gbogbo ìgbà tí owó bá kọjá á jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó. Ẹ kọ iye náírà, iye tí wọ́n ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ náà àti orúkọ àwọn méjì tó buwọ́ lù ú sínú ìwé ìpàdé. Bí rìsíìtì bá dé, ẹ kà á sókè fún gbogbo ẹgbẹ́.

Ìbéèrè: A ti ta àsíá Ísírẹ́lì sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé àgbólé ò fi bẹ́ẹ̀ kí wa mọ́. Ṣé ká yọ ọ́ ni? — Olórí ọ̀dọ́, Ìpẹru-Rẹ́mọ

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́. Àsíá ìjọba ni, wọ́n sì dá ìjọba náà sílẹ̀ ní May 14, 1948; kì í ṣe àmì ìgbàgbọ́ yín. Kristẹni tó jẹ́ ọmọ Palẹsitínì wà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ní Beit Jala, ní Beit Sahour àti ní Gásà pàápàá. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà yín, kí ni wọn ó rò?

Àmọ́ yíyọ nìkan ò tó. Ẹ pe ìpàdé. Ènìyàn méjìlá ni kó jẹ́, mẹ́fà láti ṣọ́ọ̀ṣì, mẹ́fà láti mọ́ṣáláṣí, kí obìnrin àti ọ̀dọ́ wà nínú wọn, nítorí bí ó bá jẹ́ àgbà ọkùnrin nìkan, ìkíni ni ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ lo gbọ̀ngàn àdúgbò, kó má jẹ́ ilé ìsìn ẹnikẹ́ni. Wákàtí kan ààbọ̀ tó. Kálukú á fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ ohun tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ nínú ogun náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fèsì títí yóò fi kárí. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

Fóònù ló máa ń ba irú ìpàdé yìí jẹ́. Ẹnìkan á ṣí fídíò, ohùn á ga, ó parí nìyẹn. Ẹ kó gbogbo fóònù sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan nínú àwọn àwòrán tí wọ́n ń pín kiri pé ti Gásà ni, ogun Síríà ni wọ́n ti wá. Ẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi Google Lens yẹ àwòrán wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín jọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ láti inú ìkòkò kan. Àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ló bẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba, láti máa fi kí Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Lónìí, Kristẹni wà nínú àwọn regbérégbé tó ń jó wọ̀ ọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni ká máa gbàdúrà lé lórí? — Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìdáhùn: Sáàmù 122 ẹsẹ 6 ní ká gbàdúrà fún àlàáfíà Jerúsálẹ́mù, Júù, Mùsùlùmí àti Kristẹni ló sì ń gbé ìlú náà. Ẹ dárúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì nínú àdúrà kan náà, kì í ṣe ọ̀kan lónìí, ìkejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé ní ọ̀sẹ̀ àdúrà kan fún ọ̀rọ̀ yìí lóṣù September. Ẹ bá wọn ṣe é.

Ìbéèrè: Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Jerúsálẹ́mù lọ́dún tó ń bọ̀. Ǹjẹ́ a lè ṣe nǹkan kan fún àlàáfíà níbẹ̀? — JP lọ́la, Ṣàgámù

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, sà, bí ẹ bá tètè sọ fún àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò yín. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ fún ìpàdé pẹ̀lú ẹnìkan láti Ísírẹ́lì àti ẹnìkan láti Palẹsitínì nínú Parents Circle. Bí ẹ bá débẹ̀ kí ẹ tó béèrè, kò sí àyè mọ́, torí wọ́n ti ka wákàtí bọ́ọ̀sì yín tán. Ẹ má bi òbí tó sin ọmọ rẹ̀ léèrè ta ló bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹ bi í bí ọmọ náà ṣe rí.

Bí ẹ bá ń wọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ẹ wo ojú fèrèsé. Ẹ ó rí ògiri kọnkéré tó ga ju bọ́ọ̀sì lọ; níbẹ̀ náà ni ẹnu ọ̀nà onírin tó ń yí wà, èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ọmọ Palẹsitínì máa ń tò sí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí October 2023 tó dé. Bọ́ọ̀sì àlejò kì í sábà dúró níbẹ̀. Ẹ ra ère igi ólífì lọ́wọ́ àwọn Kristẹni tó ń gbẹ́ ẹ nínú ìlú náà, kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Tọkọtaya ni yín: kí ẹnìkan máa kọ orúkọ àwọn tí ẹ bá pàdé, láti apá méjèèjì, sínú ìwé kékeré. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé fún ìjọ nígbà tí ẹ bá dé.