Èsì Fún Olùkọ́ Ìtàn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Texas

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ewu ọ̀nà. Ẹ ní láti Ìbàdàn ni wọ́n ti gbà yín wá kọ́ ìtàn Amẹ́ríkà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Texas, àti pé bí ẹ bá ti gbé àkọsílẹ̀ àtijọ́ síwájú àwọn ọmọ, wọn á ní irọ́ ni gbogbo wọn ń pa, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni mo ti ń ṣe bọ̀ ní Houston láti ọjọ́ pípẹ́, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń bá yí.

Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn ní iyèméjì. Ìdí fóònù ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n sì ti mọ̀ láti kékeré pé fọ́tò ṣeé yí, pé ẹni tó ń polówó ọjà kì í sọ àléébù rẹ̀. Ohun tó nira fún wọn ni kí wọ́n gba nǹkan gbọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n lè sọ ìdí tí wọ́n fi gbà á, kí wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbà á dé. Ibẹ̀ ni kí ẹ dojú iṣẹ́ yín kọ.

Ẹ ti mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 1877 ni Texas fi lé wa lọ́wọ́ ní kíláàsì yìí, pé kíláàsì kẹjọ ni wọ́n ti ń kọ́ èyí tó ṣáájú. Nítorí náà, ìgbà tí a bá dé àwọn ọdún 1930, tí ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀, ni mo máa ń mú ọ̀rọ̀ oko ẹrú padà wá, nítorí pé ìgbà náà ni ìjọba Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, gba àwọn òǹkọ̀wé tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ síṣẹ́, tí wọ́n sì rán wọn lọ bá àwọn arúgbó tó ti ṣe ẹrú rí sọ̀rọ̀. Láàárín 1936 sí 1938, àwọn tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ lé ní 2,300. Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kò ní ná kọ́bọ̀.

Ti ìyá arúgbó kan ní Charleston, ní South Carolina, ni mo máa ń lò jù. Susan Hamlin ni wọ́n pè é nínú ìwé kan, Susan Hamilton nínú èkejì, ó sì ní òun ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà tí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ní 1937. Mo máa ń kọ́kọ́ pín ìwé kan fún wọn láìsọ ẹni tó kọ ọ́. Nínú rẹ̀, màmá náà ń yin ọ̀gá rẹ̀, Fuller, pé ènìyàn dáadáa ni, àti pé ẹni ńlá ni àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ kan á ní ṣebí ọ̀rọ̀ náà kò burú tó bí a ti ń gbọ́ nìyẹn, àwọn kan á ní irọ́ ni. N kò ní dá sí i. Mo á wá pín ìwé kejì: màmá kan náà, ìlú kan náà, ọ̀gá kan náà. Níbẹ̀ ni ó ti ń sọ pé tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbọ́ igbe tọkùnrin tobìnrin tí wọ́n mú ìyá, bàbá tàbí ọmọ ìyá wọn lọ tà láìsọ tẹ́lẹ̀, àti pé tọkọtaya kan ṣègbéyàwó lálẹ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ọ̀gá ti ta ìyàwó. Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń sọ ní kíláàsì.

Ìgbà náà ni mo tó sọ orúkọ. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan, Jessie Butler, ló kọ ti àkọ́kọ́. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Augustus Ladson, ló kọ èkejì. Butler fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé màmá náà rò pé ọ́fíìsì tó ń fún àwọn aláìní ní ìrànwọ́ ni òun ti wá, òun kò sì já a níyàn. Ẹ fojú inú wò ó: arúgbó tó ti gba ìrànwọ́ rí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òyìnbó kan ń béèrè rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ irú èsì tí yóò ti ẹnu bẹ́ẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ kíláàsì yín náà á mọ̀ ọ́n, pàápàá àwọn tó ti tẹ̀ lé ìyá wọn lọ kọ fọ́ọ̀mù níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba rí.

Ẹ má dáwọ́ dúró síbẹ̀ o, nítorí pé wọn á fẹ́ sọ pé òótọ́ ni ìwé kejì, irọ́ ni ti àkọ́kọ́, kí wọ́n sì pa ìwé dé. Ẹ bi wọ́n bóyá màmá náà kò lè fẹ́ tẹ́ Ladson náà lọ́rùn. Ẹ bi wọ́n pé èwo ni ó fojú ara rẹ̀ rí, èwo ni wọ́n sọ fún un, kí sì ni ìwé méjèèjì jọ sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀rí tí kò ti ẹnu rẹ̀ wá. Mo máa ń fi ìpolówó títa ẹrú inú ìwé ìròyìn Charleston ṣáájú ogun abẹ́lé hàn wọ́n, àti àwòrán ilé tí wọ́n ti ń ta ènìyàn ní Chalmers Street, tó ṣì dúró títí di òní. Àwọn tó ń ta ẹrú ló sanwó ìpolówó náà, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi parọ́ gbe àwọn ẹrú lẹ́sẹ̀. Níbi tí ẹnu màmá náà àti ẹnu àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti bára mu ni àwọn ọmọ ti ń rí ilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ fún mi pé ìwé àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí òun mọ púpọ̀ nípa ayé ẹrú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí òun mọ ohun tí ìyá arúgbó aláwọ̀ dúdú ń bẹ̀rù ní Charleston ní 1937. Mo fún un ní gbogbo máàkì, mo sì ń ka èsì náà fún àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo èyí kò ní ṣeé ṣe bí orí wọn bá ṣófo. Àwọn kan níbí máa ń ní kí a pa ọjọ́ àti orúkọ tì, kí a kàn kọ́ wọn bí a ti ń ronú. N kò bá wọn lọ. Ọmọ tí kò mọ ohun tí òfin Jim Crow, ìyẹn àwọn òfin tó ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun, fi ojú aláwọ̀ dúdú rí kò lè lóye ìdí tí arúgbó fi ń sọ̀rọ̀ dídùn níwájú òyìnbó. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún wọn tààrà. (Àkọ́sórí tí wọ́n fi pọ́n wa lójú nílé kò ṣòfò nígbà náà, ó kàn jẹ́ ìdajì iṣẹ́ ni.)

Ẹ gé ìwé náà kúrú. Àwọn tó kọ ọ́ fi gẹ̀ẹ́sì wúrúwúrú sí arúgbó lẹ́nu, nítorí náà mo máa ń tún un kọ fún àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì nílé, mo sì ń fi ojúlówó rẹ̀ sábẹ́. Ọ̀rọ̀ èébú wà nínú irú àwọn ìwé wọ̀nyí, ẹ má ní kí ọmọ kankan kà á sókè.

Bí àkókò bá wà, ẹ fi fọ́tò ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí ayàwòrán Dorothea Lange yà ní Nipomo, California, ní 1936 tẹ̀ lé e. Lange sọ pé ìdílé náà ti ta táyà ọkọ̀ wọn láti fi ra oúnjẹ. Nígbà tí ayé mọ̀ ní 1978 pé Florence Owens Thompson ni obìnrin inú rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti òfin Texas ti 2021, kò sẹ́ni tó lè fi dandan mú yín sọ̀rọ̀ lórí àríyànjiyàn òde òní, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́, ẹ kò gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ìwé méjì tó ta kora ń bo olùkọ́ láṣìírí níbẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè ní èrò yín ni ẹ fi kọ́ ọmọ òun. STAAR, ìdánwò ìjọba Texas tí ọ̀gá yín ń fi dẹ́rù bà yín, náà kún fún àyọlò, máàpù àti àwòrán, iṣẹ́ yìí kò sì ya ibẹ̀ kọjá. Ẹ ṣá fi àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnkà ọjọ́ àti orúkọ, nítorí pé wọn yóò béèrè ìyẹn náà.