Ta Ló Ṣẹ̀, tí Ọmọ Yìí Fi Ń Ṣàìsàn?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Iléṣà, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má ṣe dárúkọ òun. "Ìyá Ọlọ́mọ" ni ó fi parí lẹ́tà rẹ̀. Ọmọ méjì ni ó bí. Àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé AS ni òun àti ọkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní S kan tí ó ń fa àrùn yìí bí ó bá pé méjì lára ọmọ, wọn kò sì mọ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra. Nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, kráísìsì, ìrora líle tí àrùn yìí máa ń mú wá, gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èyí ni wòlíì ìjọ wọn sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọmọ náà ní ẹgbẹ́, pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà ní ìdílé ìyá rẹ̀ tí a kò tíì jẹ́wọ́, àti pé oògùn òyìnbó tí wọ́n ń fún un ni kò jẹ́ kí ọwọ́ Ọlọ́run ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ó ka ìtàn Ásà ọba, tí ó wá àwọn oníṣègùn dípò Olúwa, fún wọn, ó sì pàṣẹ pé kí ọmọ náà gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìfi omi kan ẹnu. Ọkọ ti kó oògùn pamọ́, ìyá ọkọ sì ti ń wo ìyàwó bí ẹni tí ó gbé ègún wọlé. Ìyá Ọlọ́mọ wá ń béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ òun ni. Ó tún béèrè pé, bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ Ọlọ́run ni àìsàn yìí, ṣé òun kò máa bá Ọlọ́run jà bí òun bá ń lo oògùn? Àti pé, kí ni kí òun sọ fún ọmọ tí ó bi òun léèrè lóru ọjọ́ kan pé, "Mọ́mì, kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run?"

Ìyá Ọlọ́mọ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ọlọ́run yóò dá ọmọ náà sí fún yín.

Kí n tó ṣí Bíbélì rárá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò lè dúró de ọ̀la. Ẹ gba oògùn náà padà lónìí, kí ọmọ sì máa lò ó bí dókítà ṣe kọ ọ́. Folic acid tí ó ń lò lójoojúmọ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà kọlù ú, àti hydroxyurea tí ẹ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un láti dín kráísìsì kù, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá dúró nítorí àlá tí ẹlòmíràn lá. Ní ti ààwẹ̀, ẹ má ṣe gbà á rárá. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín a máa tẹ̀ kọrodo bí dòjé. Nígbà tí omi bá sì gbẹ lára rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí a máa há sínú òpójẹ̀ tóóró, afẹ́fẹ́ kò ní lè dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, ìrora yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má mu omi fún ọjọ́ mẹ́ta, kráísìsì ni ó ń pè wá fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Jésù ni ó fi pè é. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná dé ìwọ̀n 38, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn; ẹ má ṣe dúró de ìparí ìsìn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Ìbéèrè tí wòlíì bi yín, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti bi Jésù rí nígbà tí wọ́n rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, nínú orí kẹsàn-án ìwé Jòhánù: ta ni ó dẹ́ṣẹ̀, ọkùnrin yìí ni tàbí àwọn òbí rẹ̀? Ẹ kíyè sí i pé wọn kò béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Jésù kò gbà fún wọn. Ó ní kì í ṣe ọkùnrin náà, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀, bí kò ṣe kí a lè rí iṣẹ́ Ọlọ́run lára rẹ̀. Àwọn kan máa ń dúró síbẹ̀, wọn a sì sọ pé Ọlọ́run ni ó fọ́ ọmọ lójú kí a lè yin òun lógo. Ẹ ka ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e: Jésù ní a gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí ó jẹ́ ọ̀sán, lẹ́yìn náà ni ó tutọ́ sílẹ̀, ó fi po amọ̀, ó fi í kun ojú ọkùnrin náà, ó sì rán an lọ wẹ̀ nínú adágún Sílóámù. Kò wádìí ìdílé ẹnikẹ́ni. Ìtọ́jú ni ó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwé Lúùkù orí kẹtàlá, Olúwa tún sọ ohun kan náà nípa ènìyàn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa: wọn kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Àti Jóòbù ńkọ́? Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta bá a jókòó sórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀, wọ́n ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ba nǹkan jẹ́, nítorí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń fi ọgbọ́n ẹ̀sìn wá ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ kiri lára ọkùnrin tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn oníwàásù wa ṣe ń fò orí tí ó kẹ́yìn ìwé náà kọjá, níbi tí Ọlọ́run ti bínú sí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yẹn, àwọn tí wọ́n rò pé Ọlọ́run ni àwọn ń gbèjà, tí ó sì ní Jóòbù tí ó ń ráhùn ni ó sọ òtítọ́ nípa òun.

Ẹ jẹ́ kí ìyá ọkọ yín náà gbọ́ èyí. Ọmọ kò lè jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tí ó ní àrùn yìí, láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan. S kan wá láti ọ̀dọ̀ yín, S kejì wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ègún ni, ìdílé méjèèjì ni ó jọ gbé e wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ègún. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS, ìdí tí ó sì fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé ibà kì í sábà rí ọmọ tí ó bá jẹ́ AS pa. Ohun tí ó pa ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa mọ́ lọ́wọ́ ibà ni ó ń yọ ọmọ lẹ́nu nígbà tí ó bá pé méjì lára rẹ̀. Mi ò mọ irú ègún tí ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àbíkú àtijọ́ ni wọ́n tún fi aṣọ ìjọ wọ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé àrùn yìí wà lára ohun tí ó ń pa àwọn ọmọ tí àwọn àgbà ń pè ní àbíkú, tí wọ́n ń sín ní gbẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń fún ní orúkọ ẹ̀bẹ̀ bí Málọmọ́ àti Dúrójayé. Àwọn àgbà kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Wòlíì tí ó ní èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù níwájú rẹ̀, tí ó sì tún ń wo ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bí ẹni tí ó ní ẹlẹgbẹ́ lọ́run, òun ni mo dá lẹ́bi.

Ìtàn Ásà tí ó kà fún yín, ó wà lóòótọ́, ní Kíróníkà Kejì orí kẹrìndínlógún. Ṣùgbọ́n ẹ kà á láti òkè wá. Ásà kó fàdákà àti wúrà ilé Olúwa fún ọba Síríà láti fi ra ààbò. Nígbà tí aríran bá a wí, ó jù ú sẹ́wọ̀n, ó sì ni àwọn ènìyàn lára. Ọkùnrin tí ó ti gbára lé ènìyàn dípò Ọlọ́run ni ìwé náà ń sọ pé kò wá Olúwa nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, àfi àwọn oníṣègùn. Ẹ̀yin kò fi Olúwa sílẹ̀. Ẹ sọ fún mi pé ẹ kì í fún ọmọ ní oògùn láìgbàdúrà lé e. Hesekáyà ọba ni kí wọ́n fi yín wé. Nígbà tí oówo ń pa á lọ, Aísáyà wòlíì gbé ìlérí ọdún 15 sí i wá fún un láti ẹnu Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ni wòlíì yìí kan náà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́, kí wọ́n fi lé oówo náà. Ìlérí ti dé, síbẹ̀ wọ́n lo oògùn. Pọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń gbé aṣọ ara rẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn, sọ fún Tímótì pé kí ó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìlera rẹ̀ ìgbàkúùgbà, ó sì pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́. Kò sí ibi tí ó ti pe èyíkéyìí nínú rẹ̀ ní àìnígbàgbọ́.

Nítorí pé Iléṣà ni ẹ ń gbé, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ àwọn baba Àládùúrà kọ́ nìyí. Wọn kò parọ́ tán. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn influenza ti 1918, tí àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, oògùn tí ó lè wo àrùn náà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, dókítà pàápàá kò ní in. Nígbà tí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sì wàásù ní Òkè-Oyè ní ìlú yín ní 1930, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá ń ju oògùn ìbílẹ̀ àti ońdè nù. Kíkọ oògùn sílẹ̀ túmọ̀ sí kíkọ òrìṣà sílẹ̀ nígbà náà. Àwọn òyìnbó míṣọ́nárì tí wọ́n pè wá láti Bìrìtéènì dé lẹ́yìn èyí, wọ́n ń lo kìníìnì kí ibà má baà pa wọ́n, ọ̀rọ̀ kìníìnì yìí sì wà lára ohun tí ó pín ìjọ Àládùúrà tí ó pè wọ́n náà sí méjì nígbà tí àwọn ọdún 1930 ń parí lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn baba náà. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí àgbàlagbà ṣe lórí ara tirẹ̀, tí ó sì fara mọ́ ohun tí ó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí a gbé lé ọmọdé lórí, tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni yóò jẹ ìrora rẹ̀.

Ìbéèrè yín lórí ìfẹ́ Ọlọ́run ni ó le jù, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Nínú gbogbo ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí aláìsàn kan tí a gbé wá bá Jésù, tí Jésù wá sọ fún pé ìfẹ́ Baba mi ni àìsàn rẹ, máa gbé e lọ sílé. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé inú Ọlọ́run ń dùn nígbà tí ọmọ yín ń ké lóru. Síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, a kò sì yọ ọ́. Oore-ọ̀fẹ́ ni a fi dá a lóhùn. Ó fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Èlíṣà, tí a rí iṣẹ́ ìyanu lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àìsàn ni ó pa á. Bíbélì kò pe ọ̀kan nínú wọn ní aláìnígbàgbọ́, kò sì sọ ìdí fún wa. Ohun tí mo rí ni pé Ọlọ́run ṣèlérí ìràpadà ara wa, ṣùgbọ́n kò fi ọjọ́ rẹ̀ hàn wá, àti pé títí di ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá ń tọ́jú aláìsàn, ẹ̀gbẹ́ Ọlọ́run ni ó wà. Ẹ kò bá Ọlọ́run jà. Bí ẹ bá sì ń sunkún níwájú rẹ̀, tí ẹ ń bi í léèrè pé yóò ti pẹ́ tó, inú ìwé Sáàmù ni ẹ ti kọ́ ọ.

Mi ò sọ pé kí ẹ má ṣe retí ìwòsàn. Ẹ máa retí rẹ̀, kí ẹ sì máa béèrè rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní a ti wò ó sàn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó fi oògùn kan sílẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ ní kí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà, tí ó jẹ́ pé àwọn ni òfin Mósè yàn láti yẹ awọ ara wò, kí wọ́n sì kéde pé ó ti mọ́. Ìwòsàn tí ó bá ti ọwọ́ Ọlọ́run wá kò ní sá fún ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Sí ọmọ yín, ẹ sọ ọ́ kúkúrú, ní ọ̀sán, nígbà tí ara kò bá ro ó: "O kò ṣe nǹkan kan fún Ọlọ́run. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣe rí nìyẹn, ọ̀dọ̀ èmi àti Dádì ni o ti gbà á. Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ, àwa náà fẹ́ràn rẹ, bí ó bá sì ti dùn ọ́, pè mí." Bí ó bá béèrè ìdí tí Ọlọ́run kò fi tíì mú un kúrò, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀, àti pé ẹ̀yin náà ń bi í. Ọmọdé lè gba "mi ò mọ̀" lẹ́nu ìyá rẹ̀. Èyí tí kò lè gbà ni pé òun ni ó jẹ̀bi.

Ní ti bàbá rẹ̀, ẹ má ṣe bá a fa ọ̀rọ̀ yìí ní iwájú ìyá rẹ̀. Ìbẹ̀rù ni ó ń ṣe ọkùnrin náà, ó sì rọ̀ mọ́ ẹni tí ó fi ohùn líle dá a lójú. Ẹ mú un dání lọ rí dókítà ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ohun tí ó bá fẹ́. Ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ béèrè nípa oyún mìíràn bí ẹ bá ń rò ó, nítorí pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ SS. AS tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ kò yí ìyẹn padà. Bí ọkọ kò bá sì gbà, ẹ wá àgbà kan nínú ìdílé rẹ̀ tí ó máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Bí wòlíì bá fẹ́ gbàdúrà fún ọmọ náà, kí ó wá sílé, kí ó ta òróró sí i lórí bí Jákọ́bù ti wí, kí ó gbàdúrà, kí ó jẹun, kí ó sì máa lọ; ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ó bá ní kí ọmọ wá sùn sí ilé àdúrà láìsí oògùn rẹ̀, kí ẹ sọ pé rárá, bí ìjọ bá sì fẹ́ lé yín nítorí èyí, kí wọ́n lé yín.