Ìṣó tí mo gbàgbé sínú táyà agbábọ́ọ̀lù Shooting

Àbúrò tó ní òun rí agbábọ́ọ̀lù Super Eagles àtijọ́ kan níbi ìgbéyàwó ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n gbé àmàlà síwájú rẹ̀ tí àwọn oní-fóònù ò jẹ́ kó rí i jẹ, tí ẹsẹ̀ òun wá wúwo tí òun ò lè lọ kí i, tó ń bi wá bóyá òun ti ṣe ara òun: o ò pàdánù tó bí o ṣe rò. Èmi lọ kí tèmi. Mo kí i débi tí àpọ́njú fi dé bá a. Mo rí i pé gbogbo àwọn tó ti dá ọ lóhùn ló ń sọ pé o ò bá sáré lọ dì mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ ohun tí ojú tèmi rí.

Ìparí ọdún 1994 ni. Mo ń kọ́ṣẹ́ fọkanáísà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi lójú ọ̀nà Ìlọrin, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, eruku bo gbogbo nǹkan, ètè wa ti là. Ọdún yẹn náà ni Super Eagles kọ́kọ́ lọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá Bulgaria, 21 June ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ó ti kọjá ọ̀gànjọ́ òru lọ́dọ̀ tiwa, iwájú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò wa rọ́ sí. A rí Rashidi Yékínì, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tó gbá àwọ̀n náà mú, tó ń sunkún tó ń ké. Góòlù tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá wọlé ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn, 3-0 la sì nà wọ́n. Láti òru ọjọ́ náà, kò sí ọmọdé kan ní àdúgbò wa tí kò dá ojú Yékínì mọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ti Shooting, ìyẹn Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, a ò mọ ojú wọn. Etí la fi mọ̀ wọ́n. Bàbá mi lè fara ṣe bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ṣe ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á tẹ̀ sọ́tùn-ún, á tẹ̀ sósì, bẹ́ẹ̀ ni kò fojú rí i rí. Rédíò ló gbé e wá fún un. Àní orúkọ "Mathematical" tí gbogbo ayé ń pè é, Ernest Okonkwo tó máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí fún bàbá mi náà ló rí fún mi. Ní 1992, nígbà tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, kọ́kọ́ gbé ife CAF Cup kalẹ̀, èyí tí MKO Abíọ́lá fi ife rẹ̀ tọrẹ, Shooting bá Villa ti Ùgáńdà gbá àṣekágbá. Òmì ni ní Kampala, kò sẹ́ni tó rí àwọ̀n. Wọ́n wá bá wa ní Ìbàdàn, a jẹ wọ́n ní 3-0. 

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ni mo ti gbọ́ ọ. A ti sá bátìrì sóòrùn láti àárọ̀ kí agbára rẹ̀ lè padà wá. Kò padà tán. Bí ohùn bá ń wọlẹ̀, ẹnì kan á gbá rédíò létí, á tún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀, àwa náà ń pariwo bò ó mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo rúkèrúdò yẹn, etí mi gbọ́ orúkọ ẹni tí mo fẹ́ràn nínú ikọ̀ náà, góòlù sì tẹ̀ lé e. Mo gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀. Fún ọdún méjì gbáko ni mo fi ń sọ ìtàn góòlù yẹn fún ẹni tó bi mí àti ẹni tí kò bi mí.

Ó wá di ọjọ́ kan, oòrùn ti kan àtàrí, Pìjó 504 kan yà sọ́dọ̀ wa, ó ń lọ Ìlọrin. Táyà ẹ̀yìn ti jò pátápátá, sípíà inú bùútù sì ti bẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó wọ búbá àti ṣòkòtò àǹkárá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú bí ẹni tí kò fẹ́ kó ká. Èmi ò tilẹ̀ wò ó. Mo ti fa tíúbù jáde, mo ti fún un ní atẹ́gùn, mo ti rì í sínú bàfù omi, mo ti rí ibi tó ti ń hó pútúpútú, mo sì ń fi fáìlì ha ojú ibẹ̀ lọ́wọ́, kí ọ̀gá mi tó tẹ̀ sí mi létí, tó dárúkọ ọkùnrin náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tipẹ́, ó níyàwó, ó bímọ. Ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ó ní, "Dìde, dìde, o ṣeun." Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ẹnu mi ti là ná, kò ṣeé pa dé mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, góòlù yẹn! Góòlù tí ẹ gbá wọlé Villa!" Mo ju tíúbù sílẹ̀. Mo sá lọ sá bọ̀ níwájú rẹ̀, mo ń ròyìn bí ará inú rédíò, mo gé ẹnì kan, mo gé ẹnì kejì, mo wá gbá agolo sọ̀lúṣọ̀n tó ti ṣófo wọ abẹ́ ọkọ̀ wọn, mo pariwo "ó ti wọlé!" bí wèrè.

Ariwo yẹn ló kó èrò wá. Àwọn mẹkáníìkì òdìkejì títì dé, oníẹ̀wà dé, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lọ Ìlọrin bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ní kó fún àwọn ní owó ọtí, owó àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé nígbà náà kò sì sún mọ́ ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ ní Yúróòpù lónìí. Ẹnì kan fa ọmọ rẹ̀ wá pé kó bá òun mú un wọ Shooting. Ìyá kan tilẹ̀ wò ó tókètilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin náà nìyí? Mo rò pé ẹ ga ju báyìí lọ."

Ọkùnrin náà jẹ́ kí n ṣeré mi tán. Ó wá ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá sọ̀rọ̀: "Èmi kọ́ ni, àbúrò. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín, bó bá jẹ́ ìyà, ì bá ti tó. Etí mi gbóná. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ ló ń wò. Kí n ṣá ti kúrò lójú rẹ̀ ni mo ń wá, ni mo bá sáré fi sọ̀lúṣọ̀n, mo lẹ̀ ẹ́, mo ki tíúbù padà sínú táyà, mo fún un ní atẹ́gùn, mo de gbogbo nọ́ọ̀tì, wọ́n lọ. Ohun kan ni mi ò ṣe, òun sì ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́jọ́ tí mo débẹ̀: kí tíúbù tó wọlé, máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra inú táyà yíká, kí o wá ohun tó lu ú.

Kò tó wákàtí méjì tí dẹ́rẹ́bà fi padà dé lórí ọ̀kadà, ó gbé táyà náà lé itan. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ọ̀gá mi gbìì. Ọ̀gá mi ṣí i, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fa ìṣó pákó kan yọ tó gùn tó ìka mi. Ìgbájú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, mo ṣì lè júwe rẹ̀. Ọ̀gá mi tún tíúbù náà lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ ni wàá lọ dè é." Ọ̀kadà méjì ni a gùn, dẹ́rẹ́bà lórí ọ̀kan, èmi àti táyà lórí èkejì.

A bá a lábẹ́ igi irúgbá kan lẹ́bàá títì, lójú oko. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, eruku ọyẹ́ ti mú kí irun ojú rẹ̀ funfun. Kò sí oníẹ̀wà, kò sí mẹkáníìkì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní "ẹ jọ̀ọ́ sà", mo bọ́ sídìí jáàkì, n ò tún sọ nǹkan kan mọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé èmi ni mo gbá a wọlé?"

Mo ní rédíò ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀. Ó ní kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ fún òun ní góòlù yẹn. Wọ́n ti fún òun ní Ìbàdàn, wọ́n ti fún òun ní Ìlọrin, bí wọ́n bá sì ti ń fún òun ni òun ń gbà á, kí wọ́n lè tètè jẹ́ kí òun lọ. Mo ní kí ló dé tí kò fi gba tèmi. Ó ní, "Ìwọ ṣeré rẹ̀ jù."

Ó wá ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò òsì sókè. Orúnkún náà wú, ó ń dán, àpá kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí okùn bàtà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ awọ. Ó ní omi dídì ló wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àwọn èèyàn ń fò sókè lọ́jọ́ Villa, òun náà sì ń fò, ẹsẹ̀ kan ni òun fi ń fò. Ó bi mí ní orúkọ. Ó bi mí ní ìlú ìyá mi. Ó béèrè ohun tí mo rí òun ṣe rí tó fi jẹ́ òun ni mo yàn. Mo wá a títí, n ò rí nǹkan kan. Mo ní n ò rí yín rí, àfi lónìí.

Ó ní, "Ó dáa. Lónìí la pàdé nìyẹn."

Bí mo ṣe de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn tán, ó sọ̀kalẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mì táyà wò. Mi ò bá a wí. Wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè bá yín sọ pé kó lọ dì mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a pè ní ti gbogbo ayé yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ayé ń sọ fún un. Ẹ má sì rò pé rédíò nìkan ló ń fa àṣìgbọ́. Oníbàárà mi kan wà tó ń bá mi jà títí dòní pé Mutiu Adépọ̀jù ló gbá góòlù tó kẹ́yìn wọlé Sípéènì ní 1998, tẹlifíṣọ̀n ló sì fi wò ó o. Orí ni Adépọ̀jù fi gbá tiẹ̀, òun ló kọ́kọ́ wọlé fún wa. Oliseh ló fi ẹsẹ̀ yìn ìkẹta láti òkèèrè, ló fi di 3-2. Bí oníbàárà yìí bá pàdé Adépọ̀jù ní Ìbàdàn lọ́la, mo mọ ohun tó máa kí i fún.

Ti Yékínì ló máa ń dùn mí jù. Góòlù 37 ló gbá wọlé fún Nàìjíríà, òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù ní Áfíríkà ní 1993. Ìbàdàn ló gbé ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó sì fẹ́ràn kó dá wà. Nígbà tó kú ní 4 May 2012, tí wọ́n lọ sin ín sí Ìrá ní Kwara, gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ló ní ìtàn: mo rí i níbí, mo rí i lọ́hùn-ún, mo pariwo "Góòlù!" tẹ̀ lé e. Mo ń gbọ́, mo ń fún táyà ní atẹ́gùn. Mi ò gbọ́ ẹnì kan kó sọ pé òun bi í bóyá ara rẹ̀ le.

Èmi náà ti rí mẹ́ta míì láti ìgbà náà, méjì ní Adamásingbà, pápá ìṣeré Ìbàdàn, ọ̀kan ní Tákì níbí. "Ẹ kú iṣẹ́ o" ni mo sọ fún àwọn méjì, wọ́n dáhùn, mo kọjá. Ẹnì kẹta, mo ti wà ní pápá lọ́jọ́ tó gba bọ́ọ̀lù kan kúrò lójú ilé nígbà tí gbogbo wa ti di orí mú. Ìyẹn ni mo sọ fún un, nítorí ojú mi ló ṣe. Ó dúró, ó ní, "O rántí ìyẹn?" A sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun gan-an ló ń sọ ọ́. A ò ya fọ́tò, mo sì kábàámọ̀ ìyẹn díẹ̀, n ò ní purọ́.

Àbúrò, o ní ẹbí ìyàwó ni ọkùnrin tó o rí yẹn, àti pé ẹ máa tún pàdé níbi ìsọmọlórúkọ. Bó bá di ọjọ́ náà, bá a lé àwọn oní-fóònù kúrò nídìí tábìlì kó jẹ àmàlà rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Bó bá fọwọ́ tán, lọ kí i.