Ta ló yẹ kó wà lára àwọn olùdámọ̀ràn oníṣòwò tó fẹ́ fi iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ta ni yóò sì darí wọn?

Agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa títa iléeṣẹ́, oníṣirò owó tó gbọ́ owó orí dáadáa, ẹni tó ń díye lé iléeṣẹ́ àti olùdámọ̀ràn lórí owó ara ẹni ni kò gbọ́dọ̀ wọ́n níbẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ aṣáájú. Bó bá jẹ́ ará ìta ni wọ́n fẹ́ tà á fún, alágbàtà á kún wọn.

Kò pọn dandan kí aṣáájú jẹ́ ẹni tó mọ̀ jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ohun tí agbẹjọ́rò kọ sínú àdéhùn kò tako ètò tí oníṣirò ti ṣe. Ibí yìí gan-an ni nǹkan ti sábà ń dàrú: owó orí lórí títa ìpín ìdókòwò lè yàtọ̀ gédégédé sí ti títa dúkìá iléeṣẹ́, bí wọ́n bá sì ti fọwọ́ sí ìwé tán, ó ṣòro láti yí i padà. Nítorí náà, ó dára kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 3 sí 5 ṣáájú.

Ẹ béèrè bí oníkálukú ṣe ń gbowó. Alágbàtà tó jẹ́ ìgbà tí ọjà bá tà nìkan ló ń gbowó lè máa kánjú.

Fún iléeṣẹ́ kékeré, agbẹjọ́rò àti oníṣirò lè tó.